Kí Oore Má Baà Di Ẹjọ́: Bí A Ṣe Ń Ran Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí Lọ́wọ́

Ọkùnrin kan ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èrò pé jọ, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò. Kì í ṣe pé ìkà ni wọ́n. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé, "Bó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá ní èmi ni mo tì í ńkọ́?" Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, torí wọ́n ti pe àwọn tó ṣoore lẹ́jọ́ rí, ẹ̀mí àwọn mìíràn sì ti bọ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba ẹlòmíràn là. Ṣùgbọ́n oore náà gan-an kọ́ ló sábà máa ń kó èèyàn sí wàhálà. Ohun tó máa ń ṣe é ni pé olùrànlọ́wọ́ kó wọnú ewu láì kọ́kọ́ wò ó, tàbí ó ṣe ju ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ, tàbí ó bẹ̀rẹ̀ tán ó fi aláìsàn sílẹ̀ lágbedeméjì, tàbí ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ lẹ́yìn náà. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣeé yẹra fún bí èèyàn bá mọ ohun tó kàn láti ṣe àti ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ohun tí òfin sọ kò rí bákan náà níbi gbogbo

Ní Ìlú Ọba, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin wọn ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò fi dandan lé e pé kí ẹni tó kàn ń kọjá lọ dóòlà àjèjì. Ó dá òbí sí ọ̀tọ̀ nípa ọmọ rẹ̀, ó dá awakọ̀ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ rẹ̀ sí ọ̀tọ̀, ó sì dá ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ewu náà sí ọ̀tọ̀. Ẹni kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́. Bí ẹ bá ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́, tí àwọn yòókù sì ti tìtorí yín bá tiwọn lọ, ẹ kò lè fi onítọ̀hún sílẹ̀ níbi tó burú ju ibi tí ẹ ti bá a lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ dúró títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi gbà á lọ́wọ́ yín, àfi bí ibẹ̀ bá ti di ewu fún ẹ̀yin fúnra yín.

Ní Jámánì àti Faransé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Abala 323c nínú òfin ìwà ọ̀daràn Jámánì sọ pé ẹni tó rí ẹni tó wà nínú ewu, tó lè ràn án lọ́wọ́, tí kò sì ṣe é, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí kó san owó ìtanràn. Láti 2017, ẹni tó bá dí àwọn olùrànlọ́wọ́ lọ́nà náà ń jẹ irú ìyà yẹn. Ti Faransé le jù bẹ́ẹ̀: abala 223-6 fàyè gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún àti ìtanràn 75,000 owó Yúrò. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Vermont ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1967, ṣùgbọ́n ìtanràn rẹ̀ kò kọjá 100 dọ́là. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn òfin wọ̀nyí tó ní kí ẹ fi ẹ̀mí yín wéwu. Bí sísún mọ́ ibẹ̀ bá léwu, pípe àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ti tó láti mú ojúṣe yín ṣẹ.

Òfin tó ń dáàbò bo olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní Òfin Aláàánú ará Samáríà. California ló kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1959, nítorí àwọn dókítà tí ẹ̀rù ẹjọ́ ń bà láti dúró lójú ọ̀nà. Lónìí, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bò kò dọ́gba. Ní Íńdíà, abala 134A tí wọ́n fi kún òfin ọkọ̀ ní 2019 sọ pé ẹni tó fi inú rere ran ẹni tó ní jàǹbá ọkọ̀ lọ́wọ́ kò ní jẹ̀bi bí onítọ̀hún bá kú, wọn kò sì lè fi tipátipá gba orúkọ rẹ̀.

Ti Ṣáínà ni ẹ̀kọ́ pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ní 2006, ní ìlú Nanjing, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ìyá àgbàlagbà kan tó ṣubú níbùdókọ̀ dìde, ó sì bá a dé ilé ìwòsàn. Ìyá náà ní ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló ti òun ṣubú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, adájọ́ ní kó san ìdá 40 nínú 100 owó ìtọ́jú náà, ó lé ní 45,000 yúàn, torí lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá jẹ̀bi kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí àjèjì. Àwọn aláṣẹ wá sọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì fara gbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí: ọ̀pọ̀ èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtifọwọ́ kan arúgbó tó bá ṣubú. Láti October 2017 ni òfin ti wá sọ ọ́ kedere, ó sì wà báyìí ní abala 184 nínú ìwé òfin ará ìlú wọn, pé ẹni tó fínnúfíndọ̀ ranni lọ́wọ́ ní pàjáwìrì kò ní san owó gbà-má-bínú fún ìpalára tó bá ti ibẹ̀ wá.

Ààbò wọ̀nyí ní ìdè nínú o. Lọ́pọ̀ ibi, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pàjáwìrì lóòótọ́. Inú rere ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ kò gbọdọ̀ gba owó tàbí dúnàá-dúrà lé e. Ẹ̀yin kọ́ ni kí ẹ fa jàǹbá náà. Ìwà àìbìkítà tó burú jáì kò sì gbọdọ̀ sí nínú ohun tí ẹ ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dẹ́rù ba èèyàn, ṣùgbọ́n àṣìṣe lásán kọ́ ni òfin ń sọ. Bí egungun ìhà bá kán nígbà tí ẹ ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró, ìyẹn kì í ṣe àìbìkítà. Ẹni tó mutí yó tó wá wa ọkọ̀ gbé aláìsàn, tàbí tó fi ọ̀bẹ la ọ̀nà ọ̀fun fún ẹni tí oúnjẹ há torí pé ó rí i nínú fíìmù, òun ni òfin ń bá wí. Ẹ wá òfin ibi tí ẹ ń gbé kà kí pàjáwìrì tó dé: ṣé dandan ni láti ranni lọ́wọ́? Ta ni ààbò náà bò? Ṣé ìtọ́jú nìkan ló bò, àbí ó bo gbígbé èèyàn jáde nínú ewu pẹ̀lú?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe àfikún lásán. Ní 2008, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California dájọ́ lórí obìnrin kan tó fa ẹnìkejì rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ tó forí sọ òpó, torí ó rò pé ọkọ̀ náà máa gbiná. Ẹni tí ó fà jáde kò lè rìn mọ́. Ilé ẹjọ́ ní ìtọ́jú ìṣègùn nìkan ni òfin ìgbà náà dáàbò bò, nítorí náà wọ́n lè pe olùrànlọ́wọ́ náà lẹ́jọ́. Ní 2009, àwọn aṣòfin yí i padà kí ó lè kan ìrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe ti ìṣègùn pẹ̀lú.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ wo òkè, ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn yín, kí ẹ sì bi ara yín pé: kí ló gbé onítọ̀hún ṣubú, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

Kànga, ṣaláńgá, táńkì àti ihò omi ìdọ̀tí ló ń pa olùrànlọ́wọ́ jù bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹni àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ di àkàsọ̀ mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Kó tó dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ tú, ó já bọ́. Ẹnì kẹta ní okùn ni òun máa fi fà wọ́n, òun náà wọlé. Gáàsì ló wà níbẹ̀, tàbí kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú má tó. Gáàsì hydrogen sulfide máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀, ó máa ń pa imú kú, èèyàn kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, á wá rò pé ó ti lọ. Ní 1986, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, NIOSH, kìlọ̀ pé nínú àwọn tó ń kú sí irú ibi há-há bẹ́ẹ̀, ó lé ní 60 nínú 100 tó jẹ́ àwọn tó wá gba ẹlòmíràn là. Nítorí náà, ẹ má wọlé, bó ti wù kó súnmọ́ yín tó. Ẹ pe àwọn panápaná, kí ẹ sì sọ fún wọn pé inú ihò ni, kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ ìmí wá. Bí okùn bá wà lára ẹni tó wà nísàlẹ̀, ẹ fà á látòkè. Ẹ lé àwọn èèyàn kúrò létí ihò náà, torí ẹlòmíràn máa fẹ́ fò wọlé dandan.

Bó bá jẹ́ iná mànàmáná, ẹ pa á níbi swíìṣì gbogboogbò kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Wáyà orí òpó tó já sílẹ̀ kò ṣeé fi ojú mọ̀ bóyá iná wà nínú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí i ní mítà mẹ́wàá ó kéré tán. Bí ẹ bá ti wọ ibẹ̀ kí ẹ tó rí i, ẹ má gbé ẹsẹ̀ gíga, ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí ẹ ó fi jìnnà.

Ẹni tó ń rì sómi yóò gun orí ẹnikẹ́ni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ sétí omi kí ẹ na igi sí i, tàbí kí ẹ ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n ti dé sí i kó gbá mú. Wíwọ inú omi wà fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà tó sì ní ohun tó máa léfòó lọ́wọ́.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ewu yín. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn tó mítà 45, ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ní jàǹbá náà. Lójú òpópónà tí ọkọ̀ ti ń sáré gan-an, ẹ má rìn padà sẹ́yìn lọ gbé àmì kankan. Ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn irin etí ọ̀nà, kí ẹ pe ìrànlọ́wọ́ láti ibẹ̀.

Ẹ nawọ́ sí ẹnìkan

"Ẹ bá wa pe áńbúláǹsì o!" tí ẹ ké sáàárín èrò kì í so èso, torí olúkúlùkù ń rò pé ẹlòmíràn ti pè é. John Darley àti Bibb Latané, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, dán an wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 1968. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́ igbe ẹni tí gìrì mú, 85 nínú 100 ló jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí igbe náà tó parí. Nígbà tí wọ́n rò pé àwọn mẹ́rin mìíràn ń gbọ́ ọ, ó já sí 31. Nítorí náà ẹ nawọ́ sí ẹnìkan: "Ẹ̀yin tí ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ẹ pe áńbúláǹsì, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n bá ní fún mi." Ẹ na ọwọ́ sí ẹlòmíràn pé kó dúró ti yín kó máa wo ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹni kejì yìí ni ẹlẹ́rìí yín bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ kó tó lọ.

Ẹni tó bá pè é, ibi tí ẹ wà ni kó kọ́kọ́ sọ, kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí fóònù bá já lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣì lè rí yín. Kó sì má pa fóònù títí ẹni tó gbé e lọ́hùn-ún yóò fi ní kó pa á: ohun tí òṣìṣẹ́ pàjáwìrì bá ní kí ẹ ṣe, tí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀, wúwo gan-an níwájú adájọ́.

Ìyọ̀ǹda ṣáájú ọwọ́

Lójú òfin, kí a fọwọ́ kan àgbàlagbà tó ní làákàyè tí kò gbà lè jẹ́ ìfìyàjẹni, bí inú ti wù kó dára tó. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Orúkọ mi ni báyìí. Mo ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ṣé kí n bá yín wo ẹsẹ̀ yẹn?" Bí ẹ kò bá kọ́ ọ, ẹ sọ pé ẹ kò kọ́ ọ, ẹ má pera yín ní nọ́ọ̀sì. Orí tó bá mì tàbí apá tó bá nà sí yín ti tó gẹ́gẹ́ bí ìyọ̀ǹda.

Ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ mọ́, òfin gbà pé yóò ti gbà bó bá lè sọ̀rọ̀. Ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni kí ẹ bi. Bí kò bá sí, tí ẹ̀mí sì wà nínú ewu, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń sọ bá ní rárá, ẹ gba rárá rẹ̀, kódà kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Ẹ pa ààyè sílẹ̀, ẹ pe áńbúláǹsì síbẹ̀, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí, kí ẹlẹ́rìí yín sì gbọ́ nígbà tó kọ̀. Bó bá dákú lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹ lè fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ gé aṣọ tàbí ṣí àyà, ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe jáde kí ẹ tó ṣe é. Ó ń fọkàn aláìsàn balẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọn tó ń wò mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ lè ṣe, àti ibi tó yẹ kó dúró

Ẹni tí kò dáhùn, tí kò sì mí, tàbí tó kàn ń mí kànlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ ti dúró. Ẹ gbé gìgísẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ sí àárín àyà, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí ìgbọ̀nwọ́ nà gbọnrangandan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àyà padà sípò pátápátá kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ máa ń mú apá kíákíá, agbára títẹ̀ á sì dínkù láì jẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ gbà á fún ara yín ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ lè gbọ́ kí egungun ìhà dún "kọ̀ọ̀". Ẹ má dúró. Bí ẹ̀rọ AED, èyí tó ń ta iná sí ọkàn kó lè padà máa lù dáadáa, bá wà nítòsí, ẹ tàn án, yóò máa bá yín sọ̀rọ̀. Kì í ta iná sí ọkàn tí kò bá nílò rẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè fi ṣèèṣì pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gidi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì ṣí i wò. Ṣíṣí i wò ló ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì. Ohun tó bá gún èèyàn wọlé, ẹ má yọ ọ́. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tí títẹ̀ kò dá dúró, ẹ di ọ̀já tó fẹ̀ sókè ojú egbò ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kó má bọ́ sórí oríkèé, kí ẹ fún un títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dúró, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ dì í sílẹ̀. Ẹ má tú u.

Ẹni tí wárápá gbé, ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ wo aago. Ṣíbí tí wọ́n ń tì bọ ẹnu yẹn kò wo nǹkan kan sàn. Eyín ló ń kán, ó sì lè di ẹjọ́. Bó bá ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, pàjáwìrì ni.

Ẹ má gbé ẹni tó ní jàǹbá kúrò níbi tó wà, àfi bí iná, omi tàbí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá fẹ́ pa á, tàbí bí àyè kò bá sí láti tẹ àyà rẹ̀. Bó bá di dandan, ẹ di aṣọ èjìká rẹ̀ mú, kí apá yín méjèèjì gbá orí rẹ̀ mú, kí ẹ fà á lọ́nà gbọọrọ láì yí ọrùn. Ẹ má fún un ní oògùn tiyín, bó ti wù kó kéré tó. Oògùn tó wà lápò tirẹ̀, ẹ lè gbé e lé e lọ́wọ́ kó lò ó fúnra rẹ̀. Ẹ má fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú lómi mu. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ.

Ẹ̀jẹ̀ àjèjì kò gbọdọ̀ kan ara yín lásán. Bí ibọ̀wọ́ kò bá sí, ọ̀rá méjì tí ẹ ki ọwọ́ bọ̀ sàn ju ọwọ́ òfìfo lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan egbò yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Bó bá ta sójú, omi mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ẹ ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ àrùn mẹ́dọ̀wú B náà.

Níbi ìjà

Níbí ni òfin ti máa ń yí mọ́ olùrànlọ́wọ́ jù. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà pé èèyàn lè fi agbára gbèjà ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n agbára náà kò gbọdọ̀ ju ewu tó wà níbẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dópin nígbà tí ewu bá dópin. Ẹ̀ṣẹ́ tó bi afìyàjẹni ṣubú lè jẹ́ ìgbèjà. Ìpá tó tẹ̀ lé e nígbà tó ti wà nílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tiyín nìyẹn. Bó bá sá, ẹ má lé e: ẹni tó ń lé ni wọ́n máa pè ní oníjà báyìí. Bákan náà, ẹni tí ẹ bá dì mú lè ní ẹ há òun mọ́ lọ́nà àìtọ́.

Ojú sì lè tanni. Ọkùnrin méjì tó ń fa ẹnìkan lè jẹ́ ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ẹ béèrè sókè láti ọ̀nà jíjìn, "Kí ló dé? Ṣé kí a pe ọlọ́pàá?" Ìdáhùn tí ẹ bá gbọ́ yóò là yín lójú.

Ọ̀nà tó dára jù kì í kan ara ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró ní mítà mẹ́ta, kí àtẹ́lẹwọ́ yín ṣí síta, kí ọ̀nà àbájáde wà lẹ́yìn yín. Ẹ bá ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu: "Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó lù? Ọ̀nà wo ló lọ sí ibùdókọ̀?" Ọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ nǹkan yẹn ti tú ọ̀pọ̀ ìdààmú ká, torí ó fún un láǹfààní láti rìn kúrò. Bó bá jẹ́ tọkọtaya, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má bú ọkùnrin náà lójú èrò. Nílé ló máa gbẹ̀san rẹ̀ lára obìnrin. Ẹ dúró kí obìnrin náà yà sí ọ̀tọ̀, kí ẹ bi í ohun tó fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ má sì dá lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019, wọ́n wo fídíò ìjà 219 láti ìlú mẹ́ta ní Netherlands, Ìlú Ọba àti South Africa. Nínú mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó kéré tán ẹnìkan lára àwọn tó ń wò dá sí i. Ẹni tó máa bá yín lọ wà níbẹ̀, ẹ pè é. Bí ẹ bá rí ọ̀bẹ tàbí ìbọn, fóònù ni ohun ìjà yín, láti ibi tó jìnnà.

Dúkìá, ọkọ̀ àti àwòrán

Ọmọ tí wọ́n tì mọ́ inú ọkọ̀ nínú oòrùn: ẹ gbìyànjú gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ pe ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà bí ara ọmọ náà kò bá le, ẹ fọ́ fèrèsé tó jìnnà sí i jù. Igun ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbá, kì í ṣe àárín. Gíláàsì iwájú kò ní fọ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ dúró títí ọlọ́pàá á fi dé. Òfin tí ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà ṣe lórí èyí ní 2014 béèrè irú àwọn ìgbésẹ̀ yìí gan-an kó tó dá ẹni tó fọ́ ọkọ̀ láre.

Ọkọ̀ tiyín kì í ṣe áńbúláǹsì. Ẹnikẹ́ni kò lè tẹ àyà aláìsàn lórí àga ẹ̀yìn, ọrùn tó ti ṣẹ́ kò sì ní gba kòtò ojú ọ̀nà. Níbi tí áńbúláǹsì kò ti lè dé, ẹ ya àwòrán ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà kí ẹ tó gbéra, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání, kí ẹ pe ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ẹni tí ìbọn bà ló ń dẹ́rù ba awakọ̀ jù lọ. Ní Nàìjíríà, òfin 2017 lórí ìtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kí gbogbo ilé ìwòsàn gbà á láì dúró de ìwé ọlọ́pàá tàbí owó, kí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì.

Ẹ má dá nìkan yẹ àpò aláìsàn wò. Bí ẹ bá ń wá ìwé ìdánimọ̀, ẹ máa pe ohun tí ẹ bá rí síta lójú ẹni méjì, kí ẹ sì kọ orúkọ ọlọ́pàá tàbí nọ́ọ̀sì tí ẹ kó o fún. Àwòrán tí ẹ yà, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abala 201a ti òfin Jámánì lè fi ẹni tó ya àwòrán ẹni tó wà nínú ìnira láti fi ìnira náà hàn sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Lẹ́yìn tí áńbúláǹsì bá ti lọ

Kí òru tó lé, ẹ jókòó kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago, ibi, ohun tí ẹ bá níbẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tí ojú rí nìkan. "Mo bá a nílẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò dáhùn" jẹ́ ẹ̀rí. "Ó jọ pé ó ti mutí" jẹ́ ìméfò tó lè di ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ẹ má sọ pé "Ẹ̀bi mi ni, ǹ bá má ti gbé e" fún ẹbí tó ń sunkún, bó ti wù kí àánú ṣe yín tó. Ọlọ́pàá tó ń gba ẹ̀rí, ẹ dá a lóhùn. Bí ìbéèrè rẹ̀ bá yí sí ohun tí ẹ̀yin ṣe tí kò tọ́, ẹ ní kí agbẹjọ́rò dé kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ má gba owó, ẹ má sì bèèrè owó epo lọ́wọ́ ẹbí: iye kékeré yẹn lè yọ ààbò òfin kúrò lórí yín.

Bí ẹ̀yin náà bá fara pa, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ní Jámánì, ètò ìbánigbófò ìjàǹbá ti ìjọba bo ẹni tó fara pa níbi tó ti ń dóòlà ẹlòmíràn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olófin Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè pe ẹni tó fi àìbìkítà fa ewu náà lẹ́jọ́. Adájọ́ Cardozo fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní New York ní 1921 pé ẹni tó bá fa ewu gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnìkan á sáré wá ṣèrànwọ́.

Ọwọ́ yín lè máa gbọ̀n. Oorun lè má wá, kí igbe náà máa padà wá sétí yín. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá lé ní oṣù kan, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó kú mọ́ yín lọ́wọ́ ló wúwo jù. Ẹ rántí pé ọkàn rẹ̀ ti dúró kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí ọkàn wọn dúró lẹ́yìn odi ilé ìwòsàn ló ń yè é. Bí ẹ bá pe ilé ìwòsàn láti béèrè bí ara aláìsàn ṣe wà, wọ́n lè má sọ fún yín, torí àṣírí rẹ̀ ni. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà yín sórí bébà, kí ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fún ẹbí rẹ̀. Àwọn ni yóò pinnu bóyá wọ́n á pè yín.